Orin Doctor Who: Ẹni Tó Kọ Ọ́, Ẹni Tó Ṣe É, àti Ṣẹ́gun Akínọlá Tó Bá A Nílé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, BBC kéde pé Ṣẹ́gun Akínọlá ni yóò máa ṣe orin Doctor Who láti ìgbà náà lọ. Orúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ rí, inú wa sì dùn, bó ti yẹ. Eré nípa àjèjì kan tó ń rìn láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n ń pè ní Doctor, tí wọ́n ti ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1963, tí bàbá ń wò, tí ọmọ ń wò, tí ọmọ-ọmọ tún wá ń wò, tí wọ́n wá gbé orin rẹ̀ lé ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, kò kéré.

Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà wà níbẹ̀, èyí tó ti wà láyé tipẹ́ kí wọ́n tó bí Akínọlá. Ìtàn orin yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ nínú tí wọn kò gbé dé kóòtù rí, tí gbogbo ẹni tó ń fi orin fíìmù jẹun, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ ní Peckham ní London, yẹ kó mọ̀ tinútòde.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, 23 oṣù kọkànlá 1963, ni eré náà kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ kejì tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy. Verity Lambert ni olóòtú rẹ̀, obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí àwọn àgbà ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà ń wò bí ẹni pé ó ṣìnà wọlé. Ó ń wá orin tí yóò ṣàjèjì sí etí, síbẹ̀ tí ènìyàn yóò máa kùn lẹ́nu lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará Faransé kan tó ń fi gíláàsì àti irin ṣe orin ló wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò bọ́ sí i. Ibi tó gbà lọ ni ẹ̀ka BBC kan tó ń jẹ́ Radiophonic Workshop, nínú ilé kan ní Maida Vale, London.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ẹ̀ka yìí, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. 1958 ni BBC dá a sílẹ̀. Daphne Oram, obìnrin tó jà títí wọ́n fi gbà láti dá a sílẹ̀, wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Kò pé ọdún kan tó fi bínú kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ka náà ni láti máa ṣe ohùn fún eré rédíò àti ti tẹlifíṣọ̀n: ìró ọkọ̀ òfuurufú tí kò sí láyé, ìró orí ẹni tó ń yí pẹ̀lú ibà, ìró ikùn tó ń kùn. BBC ní ẹ̀ka orin tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn onífayolíìnì àti onífèrè ló wà níbẹ̀. Àwọn ti Maida Vale yìí, òṣìṣẹ́ sitúdíò lásán ni wọ́n nínú ìwé. Ohun tí wọ́n bá ṣe, “ohùn àkànṣe” ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní orin. Tí eré bá parí tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, orúkọ ẹ̀ka ni yóò yọ, orúkọ ènìyàn kò ní yọ.

Ron Grainer ni wọ́n ní kó kọ orin náà. Ọmọ Australia ni, ó ti ń gbé ní London, ó sì ti lórúkọ: òun ló ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ Maigret àti ti Steptoe and Son. Ara rẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ orin náà sórí bébà kan ṣoṣo. Kò kọ ọ́ pé fèrè ni kó gba ibí, kí dùùrù gba ọ̀hún. Níbi tó yẹ kó dárúkọ ohun èlò, ọ̀rọ̀ bí “ìkuukùu” ló kọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni wọn yóò fi ṣe é, kò sì mọ ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe. Ó gbé bébà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹni tí bébà náà bọ́ sí lọ́wọ́ ni Delia Derbyshire. Ọmọ Coventry ni, ọdún 1937 ni wọ́n bí i. Ó gba oyè ìṣirò àti orin ní Girton College, Cambridge, lásìkò tí obìnrin tó ń ka ìṣirò níbẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tó parí, ó lọ béèrè iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwo Decca ní 1959. Wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin sí sitúdíò ìgbohùnsílẹ̀. Ó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù ní Geneva fúngbà díẹ̀, ó padà wálé, ó wọ BBC ní 1960 gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́ ní sitúdíò. Nígbà tó di 1962, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè pé kí wọ́n gbé òun lọ sí Maida Vale. Ẹnu ya àwọn ọ̀gá: ibẹ̀ ni wọ́n máa ń rán ènìyàn lọ, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ láti lọ.

Ní 1963, kò sí synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn orin, tí ènìyàn lè rà lọ́jà. Ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́rin tàbí mẹ́jọ sórí téèpù kan náà kò sí ní Workshop. Ohun tí Delia ní ni wáyà kan tí wọ́n nà tantan mọ́ pátákó, tó ń fi ìka ta. Àwọn ẹ̀rọ tí ẹnjiníà fi ń dán rédíò wò, tí ohùn kan ṣoṣo ń jáde lẹ́nu wọn, fíìì, tí ènìyàn lè yí sókè tàbí yí wálẹ̀. Àti ẹ̀rọ tó ń dún ṣáá bíi rédíò tí kò tíì mú ibùdó. Dick Mills, òṣìṣẹ́ Workshop bíi tirẹ̀, ló ràn án lọ́wọ́.

Bó ṣe ṣe ohùn ìsàlẹ̀ orin náà nìyí, èyí tó ń lù gìdìgbà-gìdìgbà lábẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ta wáyà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á sórí téèpù. Tó bá fẹ́ kí ohùn náà ga, yóò mú kí téèpù sáré. Tó bá fẹ́ kó wálẹ̀, yóò mú kó rọra lọ. Gbogbo ohùn tó wà nínú orin náà ló ní ègé téèpù tirẹ̀. Ó ní láti fi rúlà wọ̀n ègé kọ̀ọ̀kan, torí pé bí téèpù bá ṣe gùn tó ni ohùn yóò ṣe pẹ́ tó. Kó fi abẹ gé e. Kó fi nǹkan alẹ̀mọ́ so ó pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé ìyẹn ka gbogbo orin náà, ohùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí ẹ bá wo ìṣirò tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé Cambridge kò ṣòfò. Ohùn òkè ńkọ́, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, tó máa ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ láti ibì kan bọ́ síbòmíràn bí ìgbà tí onígángan bá fún ìlù mọ́ abíyá? Ọwọ́ ló fi ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ ẹnjiníà yẹn, tó ń wá ohùn náà kiri títí tó fi bá a.

Nígbà tó kù kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di kí wọ́n to ẹ̀rọ téèpù mẹ́ta, kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa gbàdúrà kí ìyára wọn dọ́gba. Wọ́n ṣe é, ibì kan nínú rẹ̀ kò bára mu. Wọ́n tún un ṣe, kò bára mu síbẹ̀. Dick Mills ló sọ ọ́ nígbà tó yá bí wọ́n ṣe rí i: wọ́n gbé téèpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn tó wà ní Maida Vale, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n wá ń tẹ̀ lé ibi tí ègé ti so mọ́ ègé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ìsopọ̀ kan kò ti ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ojú ni wọ́n fi rí àṣìṣe tí etí ń gbọ́.

Nígbà tí Grainer padà wá tó gbọ́ ọ, ó béèrè lọ́wọ́ Delia pé, “Ṣé èmi ni mo kọ èyí?” Delia ní, “Ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ni.”

Ìdáhùn yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Lójú tèmi, gbogbo ẹjọ́ náà ló wà nínú rẹ̀. Grainer, olówó orin, jẹ́wọ́ lójú ara rẹ̀ pé ohun tí òun gbọ́ ju ohun tí òun kọ lọ. Obìnrin tó ṣe é sì dáhùn pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní bébà kankan lọ́wọ́.

A kì í ṣe òótọ́ sí ìtàn yìí tí a bá sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Grainer kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n kọ orúkọ Delia mọ́ tòun, kí wọ́n sì pín owó orin náà fún un. BBC kò gbà. Òfin ilé iṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ kì í gba ju owó oṣù rẹ̀ lọ, ẹ̀ka ni yóò sì máa jẹ́ orúkọ. Báyìí ni rọ́yátì ṣe ń wọlé fún Grainer ní gbogbo ìgbà tí orin náà bá dún, tí Delia sì ń gba owó oṣù.

Ẹ jẹ́ ká wá wò ó bóyá ì bá rí nǹkan gbà ká ní ó gbé e lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ kan wà tó jọ ọ́. Ní 1967, ẹgbẹ́ olórin Procol Harum ṣe orin kan tó gba ìlú kan, A Whiter Shade of Pale. Orúkọ ẹni tó kọ ohùn àti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló wà lórí rẹ̀. Matthew Fisher ló tẹ dùùrù inú rẹ̀, ohùn tí gbogbo ènìyàn fi ń dá orin náà mọ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Fisher kò pe ẹjọ́ títí di 2005. Ilé ẹjọ́ gíga fún un ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gba owó náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn adájọ́ House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sì dá a padà fún un ní oṣù keje 2009. Wọ́n ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó fi ohùn tirẹ̀ kún orin ni ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é.

Tí Fisher bá lè gba ìdá ogójì nítorí dùùrù, kí ni Delia kò ní gbà? Ìbéèrè tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń bi ara wọn nìyẹn. Ìdáhùn mi kò ní dùn mọ́ wọn: kò ní gba kọ́bọ̀. Fisher kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Delia jẹ́ òṣìṣẹ́ BBC, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1956 sì sọ ọ́ gbangba pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni. Ká tilẹ̀ ní adájọ́ gbà pé àwọn méjèèjì ló jọ ṣe orin náà, ìdajì tó yẹ kó jẹ́ ti Delia, àpò BBC ni yóò bọ́ sí. Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ pàápàá, inú òfin 1988 ló ti kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin náà sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ nínú rẹ̀ níbi tí ọ̀gá iṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i. Gbogbo ilẹ̀kùn ló ti.

Èyí ni mo fi máa ń yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí bíi pé ìwà ìkà ẹnì kan ló fà á. Ìwé tí Delia fọwọ́ sí ní 1960, nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ríṣẹ́, ló ti ṣe ìdájọ́ orin tó ṣe ní 1963.

Delia fúnra rẹ̀ mọ̀ pé BBC kò lè gba gbogbo òun. Ní 1966, òun, Brian Hodgson tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àti Peter Zinovieff dá ẹgbẹ́ Unit Delta Plus sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣe orin fún ara wọn. Nígbà tó di 1969, ó ti bá David Vorhaus ṣe An Electric Storm, àwo ẹgbẹ́ olórin White Noise, tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ṣì ń wá kiri títí dòní. Lọ́dún yẹn kan náà, ó ṣe orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ń ta orin fún àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò lè lo orúkọ ara rẹ̀, torí òṣìṣẹ́ BBC ni. Ó pe ara rẹ̀ ní Li De la Russe: ó da lẹ́tà Delia rú, ó sì fi irun rẹ̀ tó pọ́n kún un. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń bá BBC díje, bẹ̀rẹ̀ The Tomorrow People ní 1973, èyí tí wọ́n fi ń bá Doctor Who díje, lára orin Li De la Russe yìí ni wọ́n rà lò. Obìnrin kan náà ló ń dún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó wù mí jù kì í tilẹ̀ ṣe Doctor Who. BBC ṣe fíìmù kan lórí àwọn Tuareg, àwọn tó ń da ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n ní kí Delia ṣe orin rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá lọ wá ìlù, kó pè é ní ti Áfíríkà. Delia gbé ìborí iná kan tí wọ́n fi irin ṣe, aláwọ̀ ewé, ó lù ú. Ó gé ìró ìlù náà sọnù, ó mú ìhan tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, ó wá ṣírò àwọn ohùn tó wà nínú ìhan yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún gbogbo wọn ṣe láti inú ẹ̀rọ. Ohùn ẹnu ara rẹ̀ tó gé wẹ́wẹ́ ló di ìrìn ràkúnmí. Blue Veils and Golden Sands ni wọ́n ń pe orin náà. Téèyàn bá gbọ́ ọ, ooru yẹn á mú un.

Ó fi BBC sílẹ̀ ní 1973. Lọ́dún yẹn, òun àti Hodgson ṣe orin fíìmù The Legend of Hell House. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ìgbà náà ló wá bọ́ sójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí olórin fíìmù tó dá dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Synthesizer ti kún ọjà, wọ́n fẹ́ iṣẹ́ kíákíá, iṣẹ́ abẹ àti rúlà kò sì mọ kíákíá. Ó fi orin sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ rédíò fún àwọn tó ń ri páìpù gáàsì ní Cumbria, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àwòrán, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìtàwé.

Orin rẹ̀ kò fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ní 1988, ẹgbẹ́ olórin KLF, tí wọ́n pe ara wọn ní The Timelords, mú un, wọ́n pò ó mọ́ orin mìíràn, ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Grainer wà lára àwọn tó kọ ọ́. Delia kò sí níbẹ̀.

Ó kú ní oṣù keje 2001, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Nínú àjà ilé rẹ̀, wọ́n bá téèpù 267 nínú páálí, tí bébà tó ń jẹ́ orúkọ wọn ti ń já kúrò lára wọn. Yunifásítì Manchester ló ń tọ́jú wọn báyìí. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá 2013, nígbà tí eré náà pé àádọ́ta ọdún géérégé, ni orúkọ Delia Derbyshire kọ́kọ́ yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn eré náà. Ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ibi tí Akínọlá ti wọlé nìyẹn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Royal Birmingham Conservatoire, ó tún lọ kọ́ orin fíìmù ní National Film and Television School. Ó ti ṣe orin fún Black and British, ètò BBC tí David Olusoga, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ṣe ní 2016 lórí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àmì ẹ̀yẹ, ti yàn án sára àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá gòkè ní 2017. Kò gba oṣù lọ́wọ́ BBC. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni, bí wọ́n ṣe bẹ Grainer.

Ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré ìyàtọ̀ yẹn. Bí owó ṣe ń rìn fún ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ nìyí: owó iṣẹ́ wà tí olóòtú yóò san, lẹ́yìn náà ni rọ́yátì wà, tí ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn olórin yóò máa kó jọ fún un. PRS ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni bébà kan tí wọ́n ń pè ní cue sheet. Gbogbo orin tó dún nínú eré ni wọ́n ń kọ síbẹ̀: bó ti gùn tó, ẹni tó kọ ọ́, ìpín rẹ̀. Tí orúkọ rẹ kò bá sí lórí bébà yẹn, orin rẹ lè dún ní ogójì orílẹ̀-èdè, kò ní mú nǹkankan bọ̀ fún ọ. Mo mọ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ orin fún fíìmù Yorùbá, èyí tí olórin fi ń sọ ìtàn eré fún wa kí a tó rí i tán, tí wọn kò gbọ́ orúkọ bébà yìí rí. Wọ́n á gba owó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kó ohùn lé olóòtú lọ́wọ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, kò fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo: ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, òun ni iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àdéhùn. Ibi tí wọ́n sì ti ń pàdánù ẹ̀ náà nìyẹn, orí àdéhùn tí wọn kò kà.

Ká padà sí 2018. Murray Gold ló ti ń ṣe orin Doctor Who láti 2005, okẹ́sírà ńlá ló sì fi ń ṣe é, fèrè àti fayolíìnì tó kún inú ilé. Akínọlá gba ọ̀nà míì. Ó dín okẹ́sírà kù, ó fún ohùn ìsàlẹ̀ láàyè, ó sì lọ mú ohùn 1963 gan-an, ohùn tí Delia fi abẹ gé, ó fi wọ́n sínú tirẹ̀. Ní apá kìíní tó ṣe orin fún, 7 oṣù kẹwàá 2018, nígbà tí Jodie Whittaker di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ Doctor, wọn kò tilẹ̀ lo orin ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìparí ni àwọn ènìyàn ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ ti ìṣáájú yóò dá ohùn tó ń yọ̀ yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò bẹ̀rù láti fọwọ́ kan án ṣá. Nígbà tí eré dé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe pín Íńdíà àti Pakistan ní 1947, nínú apá kan tó ń jẹ́ Demons of the Punjab, ó fi ohùn àti ohun èlò ilẹ̀ yẹn tún orin ìparí ṣe. Àwọn kan bínú. Èmi rò pé ohun tó dára jù tó ṣe nínú eré náà nìyẹn.

Láàárín iṣẹ́ yìí ló tún ṣe orin The Last Tree, fíìmù tí Shola Amoo gbé jáde ní 2019. Fẹ́mi ni ọmọ inú rẹ̀: ìyá òyìnbó kan ló ń tọ́ ọ ní Lincolnshire, ìyá tó bí i wá mú un lọ sí London, ó sì rí ara rẹ̀ ní Èkó nígbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tó ní ẹni tó kàwé ní London láàárín 1950 sí 1970 mọ̀ nípa àwọn ọmọ tí wọ́n gbé fún òyìnbó tọ́ báyẹn. Nínú fíìmù kékeré bí irú èyí, tí owó kò pọ̀, ni mo ti rò pé ẹ lè gbọ́ Akínọlá fúnra rẹ̀, láìsí ogún ẹnikẹ́ni lọ́rùn rẹ̀.

Apá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣe orin fún kó tó fi Doctor Who sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2022, pẹ̀lú Whittaker àti Chris Chibnall tó ń darí kíkọ eré náà. Gold padà dé ní 2023, ó sì mú ìṣe tirẹ̀ padà. Gbogbo orin tí Akínọlá kọ sínú àwọn apá yẹn, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ti Grainer, tó ti kú láti 1981. Àwọn ohùn tí Akínọlá mú láti inú téèpù 1963 ńkọ́? Ọwọ́ BBC ló ti gbà wọ́n, nítorí BBC ló ni wọ́n.